Gegele Ń Bọ̀ O

Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ géètì ibi tí àwọn tírélà ti ń kó sìmẹ́ńtì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà: páànù díẹ̀ lórí igi mẹ́rin, àti ẹ̀rọ kan tí mo fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, tó ń wúkọ́ ju èmi tí mo ni ín lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí awakọ̀ kan jẹ́, kó má wulẹ̀ bi ìyàwó rẹ̀, ìyàwó lè bò ó láṣìírí. Kó má sì bi ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń wakọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni kó wá. Ohun tí dírẹ́bà bá ṣe lójú títì, ara táyà ni yóò ti hàn, èmi ni wọ́n sì máa yí táyà náà wá bá.

Bí mo ṣe mọ Àṣá ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Wọn kò fi ẹnu lásán sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí a ṣì wà ní géńdé, Àṣá lè gbé ẹrù lówùúrọ̀, kó lọ já a sí ìlú kejì, kó sì ti padà dé kí n tó palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí mo bá da omi sí táyà rẹ̀, ṣe ni omi á máa hó. Ara táyà á ti ya yánnayànna, bí ẹni pé ajá bù ú jẹ. Mo máa ń bú u dáadáa. Mo máa ń ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ta lò ń sá fún gan-an?" Á ní, "Bàbá Táyà, bí mi ò bá ba táyà jẹ́, kí lo fẹ́ jẹ lálẹ́?" Ẹ̀rín á sì gba ìbínú lẹ́nu mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá a wí kó gbọ́, ìyàwó rẹ̀ ni. Télọ̀ ni obìnrin náà, ó kéré, ó lẹ́nu bí abẹ. Bí Àṣá bá fẹ́ gbéra lówùúrọ̀, òun ló máa ń gbé fláàsì tíì wá fún un ní géètì. Á yí tírélà ká, á máa fi ẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ rà á. "Eléyìí ò dáa. Mọ́tò yìí ò kúrò níbí." Àṣá tí kì í gbọ́ ti ọlọ́pàá, tí kì í gbọ́ ti ọ̀gá, á bọ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, á ní kí n bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo gáréèjì á hó yèè. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá àgbà ti sọ̀rọ̀!" Inú rẹ̀ ló máa ń dùn sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, ọkùnrin tí ìyàwó ń bá wí tí inú rẹ̀ ń dùn, ayé ọkùnrin náà ti dára.

Àfi bí ó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin yìí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, tí apá ọ̀tún ara rẹ̀ kú lójijì. Aṣọ ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ojú ọ̀nà ni Àṣá wà nígbà tí wọ́n pè é. Ó gbé ẹrù tó gbé dé ibi tó ń gbé e lọ, ó gbé ọkọ̀ padà, ó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa àtijọ́ tó ni àwọn tírélà, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì. Mo wà níbẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹni tí mò ń wakọ̀ fún ti dùbúlẹ̀."

Ọdún mẹ́fà ni kò fi ọwọ́ kan tírélà.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ènìyàn kún ilé wọn débi pé a ò rí ibi fi bàtà sí. Nígbà tó ṣe, ó ku ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ tíṣà, ó ku aládùúgbò kan, ó ku èmi. Ọmọ náà ń sa ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ọkọ, ó ní ọmọ wẹ́wẹ́. Àṣá ló ń wẹ ìyàwó rẹ̀, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń yí i lóru kí ara rẹ̀ má baà bó. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fèrèsé, ó so okùn kan mọ́ irin fèrèsé náà, kí obìnrin náà lè máa fi ọwọ́ òsì fa ara rẹ̀ dìde. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ó kọ́ irun dídì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí irun tó dì, mo ní, "Àṣá, ọ̀nà oko lò ń là ni, àbí irun?" Ìyàwó rẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n lè na ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀. Àṣá ra ọkọ̀ kékeré kan tó ti gbó fún ìrìn àjò yìí. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀nà wa, ibi tí kòtò bá ti tán ni gegele ti bẹ̀rẹ̀, àwọn gegele tí wọ́n mọ sójú títì kí onímọ́tò má baà sáré pa ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àṣá gba orí gegele bí Àṣá ṣe máa ń gbà á. Obìnrin náà ké. Àṣá sọ fún mi pé igbe náà kò kúrò létí òun mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ẹlòmíràn. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ń gbà kọjá, gegele kan sì wà níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìtàn ni wọ́n sọ fún mi. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, á sọ fún un pé, "Gegele ń bọ̀ o," kí obìnrin náà lè di ilẹ̀kùn mú. Á wá gùn ún ní táyà kan, lẹ́yìn náà táyà kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó gbé omi kún àwo. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tán, á yíjú sí i. "Kò dùn ẹ́?" Obìnrin náà á ní, "Kò dùn mí." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní orí gbogbo gegele, ní àlọ àti àbọ̀, fún ọdún mẹ́fà. Mo máa ń dúró wò wọ́n, ẹ̀rọ mi á máa wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Àìsàn là ń wò, a kì í rí ikú wò. Òwúrọ̀ kan tí òjò ṣú, Àṣá gbé omi kaná, ó dà á sínú ọpọ́n, ó gbé e wọ yàrá láti wẹ̀ ẹ́. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa gbé ọpọ́n náà kalẹ̀, omi yẹn nìkan ló gbóná nínú yàrá náà.

A sin ín. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé Àṣá kò fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ rí pé ó kú. Bí ẹnì kan bá béèrè, á ní, "Kò sí nílé." Ẹni tó bá mọ̀ á wo ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kó bá òun kí i.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ padà sídìí tírélà. Ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó sáré wá. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú mi, nínú epo àti eruku ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti tún yàrá ṣe. Kí ni wọ́n ń wá lórí títì lọ́jọ́ orí wọn?"

Mo ní, "Ọmọ mi, dìde. Bàbá ẹ rèé, bá a sọ ọ́."

Àṣá ò tiẹ̀ bínú. Ó fa ọmọ rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀ dànù. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sùn báyìí, mo ṣì máa ń jí yí màmá ẹ. Pílò ni mò ń yí. Mo ti yí i tán kí n tó mọ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ, pílò tìẹ náà ni n ó máa yí. Jẹ́ kí n lọ síbi tí n kò ti ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì."

Ọmọ náà sunkún títí. Ó nu ojú, ó lọ sílé.

Ọ̀gá wa àtijọ́ ti kú kó tó di àsìkò yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń darí àwọn ọkọ̀. Àǹtí là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa la ra bisikíìtì fún un nígbà tí kò tíì lè nu imú ara rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún Àṣá gan-an. Ó fún un ní kọ́kọ́rọ́ tírélà kan, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ fúngbà díẹ̀ ná, ká wò ó." Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà mọ ìtumọ̀ "ká wò ó."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbéra, gbogbo wa jáde. Àwọn àgbà ń pariwo, "Àṣá ti padà!" Ó fọ tírélà náà mọ́, ó fi igi lu táyà kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́tí sí i. Fláàsì ìyàwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gòkè, ó ṣáná, ó rọra ń bọ̀. Nígbà tó dé gegele iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tírélà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán. Ó gùn ún ní táyà kan. Ó sinmi. Ó gùn ún ní táyà kejì. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, Àṣá sì ń bọ̀ ní tirẹ̀, táyà tẹ̀ lé táyà, títí tí gbogbo gígùn tírélà náà fi rékọjá. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì nínú dígí. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn ọ̀dọ́ dírẹ́bà rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ara wọn mú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Sìmẹ́ńtì ni wọ́n gbé fún bàbá yìí, àbí ẹyin?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ẹlẹ́yin ló ń jẹ́. Ẹni tó jẹ́ Àṣá fún ogún ọdún di Ẹlẹ́yin ní ọjọ́ kan. Mo gbé irin tí mo fi ń tú táyà dání, mo ní ẹni tó bá tún pè é bẹ́ẹ̀ níwájú mi, n ó fi hàn án pé orí ènìyàn náà máa ń jò bíi táyà. Wọ́n gbọ́ tèmi níwájú mi, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

Ẹ̀rín kọ́ ni ìṣòro. Ibi tí a ń já sìmẹ́ńtì sí máa ń ti géètì wọn bí oòrùn bá ti wọ̀. Ọkọ̀ tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ìta ni yóò sùn, ẹrù ọjọ́ kejì á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìta ni Àṣá ń sùn ní gbogbo ìgbà tó lọ. Kò sí ẹ̀ẹ̀kan tó bá géètì ní ṣíṣí.

Ni Àǹtí bá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn lọ lọ́la. Ṣebí ẹ fẹ́ ra táyà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣe wọ́n. N kò lè sọ ọ́ sí wọn lójú, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá tún bá géètì lọ́la, màá gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn oníbàárà ti ń lọ."

Mo ní, "Amí lo fẹ́ kí n ṣe."

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ o, bàbá."

"Kí ni kí n wá pè é?"

Kò sì sí ohun tí mo lè bá a jà sí, torí òótọ́ ló sọ. N kì í ṣe ẹni tó ń pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Kí a tó kúrò ní géètì lọ́jọ́ kejì, mo ti tú gbogbo rẹ̀ fún Àṣá: wọ́n ní kí n wá wò ọ́, bí o kò bá bá géètì lónìí, ó tán. Ó mi orí. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó gbé fláàsì sáàárín wa, ó ṣáná. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe jókòó nìyẹn.

A dé gegele iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wo ọ̀kánkán. "Gegele ń bọ̀ o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. A gùn ún, táyà kan, táyà kejì. A sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Kò dùn ẹ́?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí?" Mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé èmi ni sìmẹ́ńtì ni?"

Ojú tì í. Ó wo iwájú. Ṣùgbọ́n ní gegele kejì ó tún sọ ọ́, ó tún bi mí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti dákẹ́. Mo kàn ń wo ọ̀nà, mo ń wo bí oòrùn ṣe ń gòkè, mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi pé, pẹ̀lú ìrìn yìí, ìta náà la ó sùn.

Bí a ṣe ń jáde kúrò nínú ìlú, oríta kan wà níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Ọ̀nà wa lọ tààrà. Ọ̀nà ọsibítù yà sọ́tùn-ún. Àṣá tan iná, ó yà sọ́tùn-ún. Mo rò pé ó rí nǹkan tó ń yẹ̀ fún níwájú, torí náà n kò tètè lanu. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, a ti wà láàárín òpópónà tóóró, odi ọsibítù lápá ọ̀tún, àwọn tó ń ta ọsàn àti búrẹ́dì lápá òsì, wọ́n ń gbé agboòrùn wọn sá fún dígí ọkọ̀ wa. Mo ní, "Àṣá! Níbo là ń lọ?" Kò gbọ́ mi. Ojú rẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Ó wọ́ tírélà náà lọ títí dé ẹnu géètì ọsibítù, síbi tí wọ́n ti máa ń sọ aláìsàn kalẹ̀, ó fa bíréèkì ọwọ́.

Ó ní, "A ti dé." Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gba iwájú ọkọ̀ kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi. Ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó ní, "Fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, rọra." Ìgbà náà ni ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé yìí. Mo ti rí táyà tó fọ́ mọ́ ènìyàn lójú. N kò tíì rí ojú ẹni tó yí padà bíi ti ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà. Apá rẹ̀ ṣì wà lókè, kò mọ bí yóò ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọlọ́sàn ń wò wá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ń bọ̀. Kí ni kí n ṣe? Èmi pẹ̀lú ikùn mi yìí, mo na ọwọ́, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn bó ṣe ní kí n ṣe. Ó gbé mi. Mo wúwo ju ìyàwó rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ tí n kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ń jáde bọ̀, obìnrin tó sanra, tí inú rẹ̀ máa ń dùn. Bó ṣe rí Àṣá ló ti la ẹnu.

"Háà, bàbá wa! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ sì gbé tírélà wá lónìí! Ṣé bàbá yìí lẹ gbé wá? Màmá ńkọ́? Àbí ẹ ti rí ọsibítù mìíràn ni, tí ẹ pa wá tì?"

Mo mọ ohun tí yóò sọ. Mo ti ń retí rẹ̀: kò sí nílé. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó wo àga tí mo dìde lórí rẹ̀.

Ó ní, "Ó kú." Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń gbìyànjú bàtà tuntun. "Ìyàwó mi ti kú."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé àyà. Omi gba ojú rẹ̀ kíákíá. Ó di ọwọ́ Àṣá mú, ó ń mì ín. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi. Ẹ pẹ̀lẹ́. Màmá dáadáa! Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa ń sọ ṣáá tá a bá ń nà wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní gbogbo gegele ló ń dun àwọn wọ inú egungun, bó ti wù kí ẹ rọra tó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ẹ ṣe máa ń yíjú béèrè yẹn, àwọn ò lè sọ fún yín láéláé. Wọ́n ní kí àwa náà má sọ."

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àṣá ní, "Ó ń dùn ún?"

Àṣá tẹ̀ síwájú.

"Gbogbo ìgbà yẹn?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹnu mi ló yọ̀." Inú bí mi sí i, inú sì tún bí mi sí ara mi pé inú bí mi sí i. Kò ṣe ibi kankan. Oore ló rò pé òun ń ṣe.

Ẹ̀ṣọ́ ti dé, ó ń pariwo pé aláìsàn wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn wa, pé ta ló ní ká gbé irú mọ́tò yìí wọ ibí. Kò sí ibi tí a lè yí sí. Ẹ̀yìn la ní láti gbà padà, gbogbo gígùn òpópónà náà, láàárín odi àti ọsàn àwọn èèyàn. Mo ní, "Àṣá, gòkè." Ó gòkè. Mo lọ dúró lẹ́yìn, níbi tí yóò ti máa rí mi nínú dígí, mo ń ju ọwọ́: máa bọ̀, máa bọ̀, já a sọ́tùn-ún, dúró, ó ti tó, máa bọ̀. Mo rò pé yóò fi ìdí ọkọ̀ wó odi. Kò kan odi, kò tẹ èso ọsàn kan. Bó ṣe fà á jáde nìyẹn, bí ẹni fa abẹ́rẹ́ jáde lára aṣọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan.

Nígbà tí mo padà wọ ọkọ̀, oòrùn ti kọjá àárín orí. Ó kọjú ọkọ̀ sí ọ̀nà wa. A kọjá àwọn ilé tó gbẹ̀yìn, a kọjá ilé epo, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ níwájú wa. Mo rí gegele kan lókèèrè, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ilé ìwé wà létí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà nínú kíláàsì.

Mo di ilẹ̀kùn mú, mo ń retí rẹ̀. Mo ní yóò sọ ọ́ báyìí. Mo ní ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lọ sórí bíréèkì. Ó gbá gegele náà bí Àṣá àtijọ́ ṣe máa ń gbá a. Ọkọ̀ fò, ẹrù fò, fláàsì ìyàwó rẹ̀ yí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, orí mi lọ gbá òrùlé ọkọ̀ tó fi dún gbàù. Nígbà tí a balẹ̀, gbogbo sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn wa ló balẹ̀ tẹ̀ lé wa.

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó ń sunkún. Kò fi ọwọ́ nu ún, kò fa imú, ó kàn ń wakọ̀, omijé ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú ọ̀nà. Kò wo ẹ̀gbẹ́ mi. Kò bi mí ní ohunkóhun.

Orí mi ń dùn mí débi pé mò ń rí ìràwọ̀. Mo tẹ̀, mo gbé fláàsì náà, mo dì í mú lórí itan mi.

Mo ní, "Kò dùn mí o, Àṣá."

Ó pa jíà dà.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ lòun náà máa ń wí."

Gegele pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, a sì gbá gbogbo wọn. Nígbà tí a dé, oòrùn kò tíì wọ̀, géètì wọn ṣì wà ní ṣíṣí.